Condorcet: Onímọ̀ ìṣirò tó tú àṣírí ìbò, tó kú sí àtìmọ́lé lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn

Bí ènìyàn méjì bá ń du ipò kan ṣoṣo, ìbò wọn kì í ṣòro kà. Ẹni tí èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jù ni yóò wọlé, ẹnì kejì yóò sì gba kámú. Ìgbà tí ẹni kẹta bá yọjú ni wàhálà máa ń dé, pàápàá bí ẹni kẹta náà bá jọ ọ̀kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n, tí ìlérí wọn rí bákan náà, tó sì jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ràn ọ̀kan náà ló fẹ́ràn èkejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má ní ìrètí àtiwọlé rárá, síbẹ̀ òun ni yóò pinnu ẹni tí yóò gorí àlééfà. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kádàrá ni, tàbí ọ̀tẹ̀. Ọkùnrin ará Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Condorcet wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, tí wọ́n fi ìṣirò hàn pé kì í ṣe kádàrá, pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìbò ló ń fà á. Ní ayé ìgbà náà, ó ṣòro láti rí ẹni tó ronú lórí ìbò jìnnà tó o. Ilé ìgbìmọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jókòó nínú rẹ̀ ló sì pàṣẹ pé kí wọ́n mú un.

Marie Jean Antoine Nicolas de Caritat ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Condorcet jẹ́ orúkọ oyè ìdílé baba rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1743, ní ìlú Ribemont, ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Ọ̀gá ni baba rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dá a mọ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bí i ni ikú mú baba lọ. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì paraku, bẹ̀rù kí ọmọ tó kù sí i lọ́wọ́ má lọ bá baba rẹ̀. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Màríà Wúńdíá, ó sì ń wọ aṣọ funfun bíi ti ọmọbìnrin fún ọmọ náà títí tó fi tó bí ọmọ ọdún 8. Kò lè bá àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré bó ti yẹ, kò lè bá wọn ja ìjàkadì. Ẹni tó bá mọ ohun tí àbíkú ń fi ojú ìyá rí kò ní bá obìnrin náà wí jù.

Ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà Jesuit ní ìlú Reims ló ti kàwé kó tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Navarre ní Paris. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti gbà á lọ́kàn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó dúró níwájú àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò, tí d'Alembert wà lára wọn, tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé ọmọ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọmọ yòókù. Àwọn ẹbí fẹ́ kó wọṣẹ́ ológun bíi baba rẹ̀, ó kọ̀. Ní 1765 ó tẹ ìwé ìṣirò àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Ní 1769 wọ́n gbà á sínú Académie des sciences, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Faransé, ọdún 1776 ló sì di akọ̀wé àgbà níbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láwùjọ. A máa tijú, a máa fi eyín gé èékánná rẹ̀, bó bá sì ń kàwé fún àwọn ènìyàn, ohùn rẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ jáde. D'Alembert tó mọ̀ ọ́n dáadáa fi í wé òkè tí iná ń jó nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí yìnyín bo orí rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Turgot, di mínísítà ètò ìṣúná fún Ọba Louis Kẹrìndínlógún ní 1774, ó fi Condorcet ṣe alábòójútó àgbà ní ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó ìjọba. Turgot kò pẹ́ lórí oyè. Ọba yọ ọ́ ní 1776. Condorcet ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pé jọ láti pinnu nǹkan, báwo ni wọ́n ṣe lè mọ̀ pé ohun tó jáde níbi ìbò ni ohun tí wọ́n fẹ́ lóòótọ́?

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dé Académie. Ọ̀gá ológun orí omi kan tó tún jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, Jean-Charles de Borda, tí wọ́n bí ní 1733 ní ìlú Dax, ti sọ̀rọ̀ lé e lórí níwájú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kẹfà, ọdún 1770. Borda ní kí wọ́n wo olùdìbò 21 tó fẹ́ yan ẹnì kan nínú olùdíje mẹ́ta. Àwọn 8 fẹ́ ẹni àkọ́kọ́, àwọn 7 fẹ́ ẹnì kejì, àwọn 6 fẹ́ ẹni kẹta. Níbi ìbò tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni àkọ́kọ́ ti wọlé pẹ̀lú ìbò 8. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi àwọn 13 tó kù léèrè, gbogbo wọn pátá ni yóò sọ pé ẹni àkọ́kọ́ yìí gan-an ni àwọn fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹnì kejì àti ẹni kẹta ló jọra, wọ́n pín èrò kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹni tí ọ̀pọ̀ kò fẹ́ sì gba àárín wọn kọjá. Borda fi wọ́n wé oníjàkadì méjì tí wọ́n ti lo gbogbo agbára wọn tán síra wọn lára, tí ẹni kẹta, tí kò tó èyíkéyìí nínú wọn, wá dá wọn dé.

Oògùn tó júwe ni pé kí olùdìbò kọ̀ọ̀kan to gbogbo àwọn olùdíje tẹ̀ léra, láti orí ẹni tó wù ú jù dé orí ẹni tí kò wù ú rárá. Bí olùdíje bá jẹ́ mẹ́ta, ẹni òkè gba máàkì 3, ẹni tó tẹ̀ lé e gba 2, ẹni ìsàlẹ̀ gba 1. Kí wọ́n wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú àpẹẹrẹ Borda, ẹni tó gba ìbò 8 bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú máàkì 37, ẹnì kejì ní 42, ẹni kẹta tí ìbò 6 péré wà fún tẹ́lẹ̀ sì wọlé pẹ̀lú 47, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò fi í ṣe ìkíní fi ṣe ìkejì. Ó bọ́gbọ́n mu. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà sínú ìwé ẹgbẹ́ ní 1784.

Àrùn kan ni Borda wò sàn. Òmíràn tó dá sílẹ̀ kò hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ènìyàn 5 fẹ́ yan alága ẹgbẹ́ wọn, olùdíje sì jẹ́ méjì, Àjàyí àti Táíwò. Àwọn 3 fẹ́ Àjàyí, àwọn 2 fẹ́ Táíwò. Àjàyí ló wọlé, kò sí àríyànjiyàn. Àwọn alátìlẹ́yìn Táíwò wá lọ fa Kẹ́hìndé jáde, wọ́n ní òun náà fẹ́ díje. Ohun gbogbo tí Táíwò ń sọ ni Kẹ́hìndé ń sọ, àmọ́ gbogbo ènìyàn gbà pé Táíwò fi díẹ̀ sàn jù ú lọ. Àwọn 3 kọ Àjàyí, Táíwò, Kẹ́hìndé. Àwọn 2 kọ Táíwò, Kẹ́hìndé, Àjàyí. Bí wọ́n bá fi máàkì Borda kà á, Àjàyí ní 11, Kẹ́hìndé ní 7, Táíwò ní 12. Táíwò ti wọlé! Kò sí olùdìbò kankan tó yí ọkàn padà. Àwọn 3 nínú 5 ṣì fẹ́ Àjàyí ju Táíwò lọ bí wọ́n ti fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Kẹ́hìndé, tí kò lè wọlé láéláé, ni wọ́n fi ti Àjàyí sísàlẹ̀ sí i nínú ìwé àwọn 2 yẹn. Níbi ìbò olórúkọ kan, ìbejì a máa pa ìbejì lára. Níbi máàkì Borda, ìbejì a máa gbé ìbejì lékè. Ẹgbẹ́ tó bá lówó láti fa ènìyàn mẹ́wàá tó jọra jáde ni yóò máa jèrè níbẹ̀.

Condorcet kò lo ìbejì nínú àpẹẹrẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló fi ìka tọ́. Ní 1785 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò yẹ ìpinnu tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fi ìbò ṣe wò. Ìwé náà le kà. Ìṣirò kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ohun tó dá lé lórí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú àwọn olùdíje ní méjì méjì. Nínú Àjàyí àti Táíwò, ta ni wọ́n fẹ́? Nínú Àjàyí àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Ẹni tó bá borí gbogbo àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ni àwọn olùdìbò fẹ́. Bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀ kà á, Àjàyí yóò borí Táíwò pẹ̀lú 3 sí 2, yóò sì borí Kẹ́hìndé pẹ̀lú 3 sí 2. Bí wọ́n tilẹ̀ bí Ìdòwú àti Àlàbá tẹ̀ lé wọn, tí àwọn náà jáde, ibi tí ọ̀rọ̀ wà náà ni yóò wà.

Ní 1788 ó tún padà sórí rẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè, ó sì mú àpẹẹrẹ kan wá tí àwọn onímọ̀ ṣì ń lò títí di òní. Orúkọ àwọn olùdíje ni Pierre, Paul àti Jacques. Àwọn olùdìbò jẹ́ 81. Àwọn 41 fẹ́ Pierre ju Paul lọ, àwọn 40 fẹ́ Paul ju Pierre lọ. Jacques kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: Pierre fi 60 sí 21 borí rẹ̀, Paul fi 69 sí 12 borí rẹ̀. Pierre ló yẹ kó wọlé nígbà náà, nítorí kò sí ẹni tí kò borí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lo ọ̀nà Borda, Paul yóò ní máàkì 190, Pierre yóò ní 182. Kí ló dé? Nínú àwọn 41 tó fẹ́ Pierre ju Paul lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló fi Jacques sáàárín àwọn méjèèjì. Nínú àwọn 40 tó fẹ́ Paul ju Pierre lọ, àwọn 10 ló fi Jacques sáàárín. Ibi tí wọ́n fi Jacques sí, Jacques tí kò sí nínú ìdíje ní tòótọ́, ló gba ipò lọ́wọ́ Pierre. Condorcet kò rí ìdí tí èrò ènìyàn nípa Jacques yóò fi pinnu ìjà tó wà láàárín Pierre àti Paul.

Àbùkù kan wà lára ọ̀nà tirẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì tú u síta. Nígbà mìíràn, kò ní sí ẹni tó borí gbogbo àwọn yòókù. Pierre lè borí Paul, kí Paul borí Jacques, kí Jacques tún yí padà borí Pierre, bí ẹni tó ń sáré yípo àgbàlá. Olùdìbò kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó ń fẹ́; ìgbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni kò ní orí mọ́, tí kò ní ìdí. Ó gbìyànjú láti sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àmọ́ àlàyé rẹ̀ ṣókùnkùn débi pé lẹ́yìn igba ọdún, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tó ní lọ́kàn.

Ẹni tó ń wá bí ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ṣe jáde láìlábàwọ́n kò lè ṣàì rí àwọn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n lóhùn rárá. Ní 1781, Condorcet ti kọ ìwé kan tó fi bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú àti oko ẹrú. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó pe òǹkọ̀wé náà ní Joachim Schwartz, àlùfáà ní ilẹ̀ Switzerland, orúkọ náà sì jọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí dúdú ní èdè Jámánì. Ó ní ọ̀daràn ni ẹni tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣe ẹrú, kò sì sí òfin tó lè sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ènìyàn dúdú sílẹ̀ ní Paris ní 1788, ó di ọ̀kan nínú àwọn àgbà ibẹ̀. Lásìkò yìí, ìṣúra ńlá ni erékùṣù Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí, jẹ́ fún àwọn Faransé. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹrú ni wọ́n fi ń gbin ìrèké níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nago sì wà lára àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ kó lọ. Ibi tí Condorcet kù sí ni pé díẹ̀díẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n máa tú wọn sílẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó rọrùn fún ẹni tí kò sí nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ láti ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ní 1790 ó kọ̀wé pé bí ọkùnrin bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, obìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́. Kò sí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba nígbà náà. Ìyàwó tó fẹ́ wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́: Sophie de Grouchy, ọmọbìnrin ọlọ́pọlọ pípé tó fẹ́ ní 1786, nígbà tí ọkùnrin náà ti lé ní ọmọ ogójì ọdún, tí obìnrin náà kò ju nǹkan bí 22 lọ. Ilé wọn, nínú ọgbà ilé iṣẹ́ owó ìjọba, di ibi tí àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yà sí. Ní 1790 ni wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, Eliza.

Rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé ní 1789. Ìjọba ọba ń mì, àwọn ará ìlú ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, ó sì jọ pé àkókò ti tó fún ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lórí bí ìlú ṣe ń pinnu nǹkan. Wọ́n dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1791, wọ́n sì tún yàn án sí ìgbìmọ̀ ńlá tó rọ́pò rẹ̀, ìyẹn Convention, ní 1792. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà dìbò lórí ẹjọ́ ọba ní oṣù kìíní 1793, Condorcet dìbò pé ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti dìbò pé kí wọ́n pa á, nítorí kò gbà pé ó tọ́ kí ìjọba pa ènìyàn. Ìjìyà tó le jù lẹ́yìn ikú ló ní kí wọ́n fún un. Àwọn tó fẹ́ ikú ló borí. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò gbàgbé ìbò rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nígbà náà ni pé kí òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ òfin tí ìlú yóò máa tẹ̀ lé, nísinsìnyí tí kò sí ọba mọ́. Ó gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ ní oṣù kejì 1793, òun ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin náà fún gbogbo ọkùnrin tó ti pé ọdún 21 ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ tálákà. Àwọn obìnrin kò sí nínú rẹ̀, láìka gbogbo ohun tó ti kọ ní 1790 sí. Ohun mìíràn tó yani lẹ́nu ni pé kò fi ọ̀nà tirẹ̀ ti ọdún 1785 síbẹ̀. Ó mọ̀ pé kíkó àwọn olùdíje ní méjì méjì níwájú ọ̀kẹ́ àìmọye olùdìbò, láyé tí kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá wọn kà á, kò ní parí bọ̀rọ̀. Ó wá ṣe ìbò náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn olùdìbò yóò dá orúkọ, wọn yóò sì mú àwọn tó gba orúkọ jù, ní ìlọ́po mẹ́ta iye ipò tó ṣófo. Lẹ́yìn náà, olùdìbò yóò yàn nínú wọn, yóò kọ àwọn tó yẹ jù lójú rẹ̀ sí apá kan ìwé, yóò sì kọ àwọn tó tún lè gbà sí apá kejì. Nípa bẹ́ẹ̀, bí àwọn tó jọra bá tilẹ̀ pọ̀, àwọn tó fẹ́ràn wọn kò ní ṣòfò ìbò wọn sórí ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn alátakò ní ìbò náà ti lọ́jú pọ̀ jù fún mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò ló wà nílẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ méjì ló ń jà nínú ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ tí Robespierre wà nínú rẹ̀ sì lé àwọn olórí ẹgbẹ́ kejì jáde ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà. Condorcet kò fi tọkàntọkàn wọ inú ẹgbẹ́ èyíkéyìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà láàárín àwọn tí wọ́n lé. Wọ́n ju òfin rẹ̀ nù, wọ́n fi ìkánjú kọ òmíràn, wọ́n sì fọwọ́ sí i kí oṣù náà tó parí. Ó bínú. Ó kọ ìwé ìléwọ́ kan láti kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má gba òfin tuntun náà. Ní ọjọ́ 8, oṣù keje 1793, ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n mú un.

Wọn kò bá a nílé. Ó ti lọ fara pamọ́ sọ́dọ̀ opó kan tó ń jẹ́ Madame Vernet, ní òpópónà Fossoyeurs ní Paris. Obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n sọ fún un pé ènìyàn rere kan wà nínú ewu, ó sì gbà á sílé, bẹ́ẹ̀ ikú ni ìjìyà ẹni tó bá fi irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tó fi wà níbẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n bẹ́ orí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Brissot tó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ènìyàn dúdú sílẹ̀ sì wà lára wọn. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Sophie ń ya àwòrán ojú àwọn ènìyàn, ó tún ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ kékeré kan, kí òun àti ọmọ lè rí jẹ. A máa múra bí ará oko wá wo ọkọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, pẹ̀lú ìmọ̀ ọkọ rẹ̀, ó lọ béèrè ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù kí ohun tó kù má baà bọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́.

Nínú yàrá yẹn, láìsí ilé ìkàwé, pẹ̀lú ikú lẹ́nu ọ̀nà, ló ti kọ ìwé tó lókìkí jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, lórí bí ọpọlọ ọmọ aráyé ṣe ń tẹ̀ síwájú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò kọ ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù kejì 1794, nígbà tó ṣì wà níbi tó sápamọ́ sí, ìgbìmọ̀ tó ń wá a láti pa ló fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé. Àwọn ẹrú Saint-Domingue ló ti fi ogun gba òmìnira náà fúnra wọn kí Paris tó fọwọ́ sí i; Napoléon sì tún dá oko ẹrú padà sí àwọn erékùṣù Faransé mìíràn ní 1802.

Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹta 1794, ìbẹ̀rù mú un pé wọn yóò wá tú ilé náà wò, pé wọn yóò pa Madame Vernet nítorí òun. Obìnrin náà kọ̀ pé kò gbọdọ̀ lọ. Ó fi ọgbọ́n sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ rìn jáde kúrò ní Paris lọ sí Fontenay-aux-Roses, sílé tọkọtaya Suard, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Wọn kò gbà á sílé. Ìgbà tó fi di ọjọ́ 27, ebi àti ẹsẹ̀ dídùn ti dà á láàmú, ó wọ ilé oúnjẹ kan ní Clamart. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó ní kí wọ́n bá òun din ẹyin, wọ́n bi í pé ẹyin mélòó, ó ní méjìlá, ni àwọn tó wà níbẹ̀ bá mọ̀ pé kì í ṣe tálákà tó pe ara rẹ̀ nìyí. Bóyá òtítọ́ ni, bóyá àfikún ni. Ó dájú pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ó sọ fún wọn pé Pierre Simon lorúkọ òun. Wọ́n tì í mọ́ àtìmọ́lé ní Bourg-la-Reine, wọ́n sì bá òkú rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 29. Àwọn kan ní májèlé tó ń gbé kiri ló jẹ, àwọn mìíràn ní àárẹ̀ ló pa á. Ẹni 50 ọdún ni. Inú sàréè àwọn tí kò lẹ́nìkan ni wọ́n sin ín sí, orúkọ Pierre Simon ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, kóòtù tú ìgbéyàwó rẹ̀ àti Sophie ká, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kò tíì mọ̀ pé òun ti di opó.

Robespierre náà kú ní oṣù keje ọdún yẹn. Nígbà tó di 1795, Convention kan náà ló fi owó ìlú ra ẹ̀dà 3,000 ìwé tí Condorcet kọ níbi tó sápamọ́ sí, kí wọ́n lè pín in fún àwọn ará ìlú. Sophie ló gbé ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ lé orí. Ó bá wọn kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n láàárín 1801 sí 1804. Ọdún 1822 ló kú. Borda ti kú ní 1799.

Fún ọdún tó lé ní 150, àwọn tó ń ka ohun tí Condorcet kọ nípa ìbò kò tó nǹkan. Duncan Black, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà lára àwọn tó tún gbé e jáde, nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1958. Ní 1987, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà kan, Nicolaus Tideman, fún ọ̀rọ̀ àwọn olùdíje tó jọ ara wọn bí ìbejì ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìmọ̀, ó sì fi hàn bí wọ́n ṣe lè tún ọ̀nà Condorcet ṣe tó fi jẹ́ pé, bí ìbò bá tilẹ̀ yí òbìrí, ìbejì kò ní lè gbé ìbejì lékè, kò sì ní lè pa á lára. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń ka irú ìbò bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń lò ó báyìí, ohun tí kò sí ní 1793.

Ní oṣù kejìlá 1989, ìjọba Faransé gbé pósí Condorcet wọ Panthéon, ilé tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ẹni ńlá wọn sí. Kò sí nǹkan kan nínú pósí náà, nítorí wọn kò rí egungun rẹ̀ mọ́.

Ó lé ní ọdún 12 lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 21, oṣù kẹrin 2002, àwọn ará Faransé jáde láti yan ààrẹ. Olùdíje jẹ́ 16, ìwé ìbò kò sì gba ju orúkọ kan lọ. Àwọn méjì tó bá ga jù ni yóò lọ sí ìpele kejì. Àwọn olóṣèlú tí ẹnu wọn jọra pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì pín èrò ara wọn. Chirac gba 19.88 nínú ọgọ́rùn-ún, Le Pen gba 16.86, Jospin tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà gba 16.18, ó sì já. Ìbò 194,600 ni Le Pen fi jù ú lọ. Chevènement, tó ti ṣe mínísítà lábẹ́ Jospin, gba 1,518,528. Christiane Taubira, obìnrin dúdú láti Guyane, ẹni tí òfin tó pe òwò ẹrú ní ẹ̀ṣẹ̀ sí ìran ènìyàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti 2001, gba 660,447. Ní ìpele kejì, tó ku Chirac àti Le Pen nìkan, Chirac gba 82.21 nínú ọgọ́rùn-ún.